Ọwọ́ Mi Nínú Àpótí Ìmọ́lẹ̀

Ọjọ́ Ẹtì, 10 Ṣẹrẹ

Wọ́n ti gba Pírámárì Wáàn lọ́wọ́ mi.

Ìyáàfin Adébáyọ̀ tó ni ilé-ìwé wa ló pè mí sí ọ́fíìsì lẹ́yìn ìsinmi ọ̀sán. Àga tí wọ́n gbé kalẹ̀ fún mi jìnnà sí tábìlì ju bó ti máa ń wà lọ. Lẹ́tà kan wà níwájú wọn. Ìyá Oore-ọ̀fẹ́ ló kọ ọ́, òṣìṣẹ́ ìjọba kan tí ọmọ rẹ̀ wà ní kíláàsì mi láti oṣù kẹsàn-án. Ó ní òun kò fẹ́ kí ọwọ́ tó ń bó funfun máa kan ọmọ òun mọ́, àti pé àwọn òbí mìíràn ń bọ̀ lẹ́yìn òun.

"Anti Títí, ẹ mọ̀ pé mo fẹ́ràn yín. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin náà, ẹ wo ọwọ́ yín."

Mo wò ó. Funfun náà ti gba gbogbo ìka, ó ti ń gun ọrùn ọwọ́ bọ̀. Ó ti yí ẹnu mi ká bí ẹnu ọmọ tó mu ògì tí kò nù ún.

"Ẹ lọ máa bá wa mójú tó sítọ́ọ̀ ná, ìwé àti yunifọ́ọ̀mù. Bí ọwọ́ yẹn bá ti dáa nígbà tí a bá wọlé fún sáà kẹta, kíláàsì yín ń dúró dè yín."

Mo ní ẹ ṣé, mà. Mo tiẹ̀ tún kúnlẹ̀. Láti ìgbà náà ni mo ti ń bi ara mi pé kí ni mo ń dúpẹ́ fún.

Ọdún mọ́kànlá ni mo ti fi ń kọ́ ọmọ kéékèèké ní ìwé kíkọ. Mo máa ń fi ọwọ́ mi bo ọwọ́ wọn lórí pẹ́ńsù, a ó jọ fa ìlà náà títí ọwọ́ wọn yóò fi mọ ọ̀nà fúnra rẹ̀. N kò mọ ọ̀nà mìíràn. Dùnmínínú tó gba kíláàsì ń kọ lẹ́tà sójú pátákó, ó ní kí wọ́n wò ó kọ.

Àbámẹ́ta, 11 Ṣẹrẹ

Mo fọ aṣọ. Ọyẹ́ gbẹ ẹ́ kí n tó sá a tán.

Ọjọ́ Ajé, 13 Ṣẹrẹ

Mo lọ sí ilé ìwòsàn ńlá. Mo dúró láti aago méje títí di ọ̀sán. Dókítà Ọlátúbọ̀sún ní kí n di ojú mi. Ó mú òwú, ó ń fi kan ọwọ́ mi níbí, ó ń fi kàn án lọ́hùn-ún, pé kí n máa sọ ìgbà tó bá kàn mí. Mo sọ gbogbo rẹ̀, n kò ṣì í lẹ́ẹ̀kan.

"Ẹ ṣí ojú. Ẹ̀tẹ̀ kọ́ nìyí. Ojú ibi tí ẹ̀tẹ̀ bá wà, ẹni náà kì í mọ̀ pé òwú kan òun. Fitilígò là ń pe eléyìí. Kì í ràn, kì í pa èèyàn, kì í sì í ṣe èpè."

Ó ní ara ló gbàgbé bí a ṣe ń ṣe dúdú níbẹ̀, ìmọ́lẹ̀ ni wọ́n máa fi rán an létí. Ìgbà mẹ́ta lọ́sẹ̀: Ajé, Ọjọ́rú, Ẹtì. Mo bi í bóyá yóò padà kí oṣù Igbe tó parí. Ó ní ojú máa ń tètè gbọ́, ṣùgbọ́n olórí kunkun ni ọwọ́, pàápàá ìka.

Lójú ọ̀nà ilé mo rò ó pé ó yẹ kí inú mi dùn nígbà tí kì í ti í ṣe ẹ̀tẹ̀. Mo wá ìdùnnú náà, n kò rí i. Mo ra búrẹ́dì.

Ọjọ́rú, 15 Ṣẹrẹ

Àpótí náà ga jù mí lọ, ó ní ilẹ̀kùn, ọ̀pá iná gígùn-gígùn sì tò yí inú rẹ̀ ká. Nọ́ọ̀sì Olúfúnkẹ́ ló ń ṣe é. Obìnrin tó ń yára sọ̀rọ̀ ni, ó sì máa ń pe gbogbo ènìyàn ní "ẹni tèmi." Ó fún mi ní awò dúdú kan tí èèyàn kò lè fi ríran rárá. Ó ka òfin fún mi: kò gbọdọ̀ sí òróró tàbí ìpara tàbí lọ́fínńdà lára mi kí n tó wọlé, kí n sì máa bo ọwọ́ mi lójú oòrùn.

Ogún ìṣẹ́jú àáyá. Ó parí kí n tó mọ̀ pé ó bẹ̀rẹ̀.

"Ó tán?"

"Ó tán, ẹni tèmi. Kí lẹ rò pé ó máa ṣe yín?"

Mo rò pé màá mọ nǹkan kan lára ni.

Nígbà tí mo dé Bàsírì, àdúgbò mi, ọlọ́kadà kò na ọwọ́ gba owó rẹ̀. Ó ní kí n gbé e lé orí táǹkì. Mo gbé e lé e.

Ọjọ́ Ajé, 20 Ṣẹrẹ

Ìṣẹ́jú àáyá márùndínlọ́gbọ̀n. Kò sẹ́ni tó béèrè ibi tí mo lọ. Àǹfààní sítọ́ọ̀ nìyẹn.

Àbámẹ́ta, 25 Ṣẹrẹ

Màámi dé láti Ìjàn, ìlú wa, pẹ̀lú iṣu mẹ́fà àti gààrí. Ó ní mọ́tò ti gbówó lórí débi pé àwọn èèyàn ń fi ẹsẹ̀ rìn dé oko tó jìnnà. Ó jókòó, ó fa ọwọ́ mi méjèèjì sórí itan rẹ̀, ó wò wọ́n pẹ́.

"Títílayọ̀, ta lo ṣẹ̀?"

"N kò ṣẹ ẹnikẹ́ni, Màámi. Wọ́n ní ara ló gbàgbé uṣẹ́ rẹ̀."

"Uṣẹ́ kí ni ara ń ṣe?"

Ó ní òun kò ní padà sí ulé títí àìsàn náà yóò fi lọ. Ó ti gbé àpò aṣọ funfun ìjọ rẹ̀ kọ́ sí ẹ̀yìn ilẹ̀kùn mi, nítorí náà mo mọ̀ pé òtítọ́ ló ń sọ.

Ọjọ́ Ẹtì, 31 Ṣẹrẹ

Ogójì. Mo ka yunifọ́ọ̀mù tó wà nílẹ̀: ìbọ̀sẹ̀ funfun ló pọ̀ jù.

Ọjọ́ Ẹtì, 7 Èrèlé

Kò sí iná mànàmáná. Jẹnẹrétọ̀ wà, kò sí epo nínú rẹ̀. Àwa mọ́kànlá jókòó sórí bẹ́ǹṣì títí di aago mẹ́rin, lẹ́yìn náà oníkálukú lọ sílé. Bàbá kan tí ara rẹ̀ ń sán bí èèpo igi ní, "Ìmọ́lẹ̀ tí wọ́n fi ń woni sàn gan-an nílò ẹni tó máa wò ó sàn." Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Mo rẹ́rìn-ín pẹ̀lú wọn, ṣùgbọ́n ẹnu mi nìkan ni.

Ọjọ́ Ẹtì, 14 Èrèlé

Nọ́ọ̀sì Olúfúnkẹ́ gbé dígí fún mi. "Ẹ wo ibí yìí, ẹni tèmi. Ẹ wò ó dáadáa."

Lókè ètè mi, àmì dúdú méje wà láàárín funfun náà, kò tóbi ju orí abẹ́rẹ́ lọ. Ó ní láti ẹnu ihò irun ni dúdú ti máa ń jáde, bí wọ́n bá ti pọ̀ tó wọn yóò fẹ̀ títí wọn yóò fi pàdé. Ó ń fò sókè bí ẹni pé ètè òun ni. Mo ní a dúpẹ́.

Màámi kúnlẹ̀ sí àárín yàrá nígbà tí mo fi hàn án. Ó kọrin. Mo lọ gbé omi kaná fún ẹ̀bà.

Ọjọ́ Àìkú, 16 Èrèlé

Màámi lọ sí ìjọ rẹ̀ tó wà lẹ́yìn Ọjà Ọba, ó sì mú iṣẹ́ bọ̀ láti ọ̀dọ̀ wòlíì. Kí wọ́n fún ọsàn wẹ́wẹ́ méje sínú omi, kí wọ́n da lọ́fínńdà àdúrà sí i, kí n fi wẹ̀ fún ọjọ́ méje, kí wọ́n sì máa ka sáàmù tí èèyàn fi ń bẹ Ọlọ́run pé kó wẹ òun kí òun funfun.

Mo ní, "Màámi, funfun yẹn gan-an là ń sá fún."

"Ọlọ́run mọ èyí tí a ní lọ́kàn."

Mo sọ fún un pé nọ́ọ̀sì ti kìlọ̀: kò gbọdọ̀ sí lọ́fínńdà lára. Mi ò ní fi wẹ̀. Ó ní ó dáa. Kò jiyàn. Ẹni tó bá mọ Màámi dáadáa ni kó fura sí i pé kò jiyàn. Èmi tí mo mọ̀ ọ́n lọ́dún mẹ́rìndínlógójì kò fura.

Ọjọ́ Ajé, 24 Èrèlé

Ọyẹ́ padà wá bí àlejò tó gbàgbé fìlà. Imú mi dí pátápátá, n kò gbóòórùn ohunkóhun. Màámi ti ń dìde kí ilẹ̀ tó mọ́ láti gbé omi gbígbóná fún mi, ó sì ń gbé korobá náà dé ilé ìwẹ̀ fúnra rẹ̀. Mo ní kó má ṣe wàhálà. Ó ní, "Bí o ṣe rí yìí, ta ni yóò wà fún ọ?"

Ìṣẹ́jú kan àti ogún ìṣẹ́jú àáyá. Àmì tó wà lókè ètè ti kọjá kíkà. Mẹ́ta wà lẹ́yìn ọwọ́ òsì. Mẹ́ta péré, ṣùgbọ́n lórí ọwọ́ ni.

Ọjọ́bọ̀, 27 Èrèlé

Ọwọ́ ń jó mi láti àná tí mo ti inú àpótí jáde. Oòrùn àná mú gan-an, mo sì gbàgbé ìbọ̀wọ́ sílé. Ó pọ́n láti ọrùn ọwọ́ dé ìka. Ọrùn mi náà pọ́n, ní ìlà-ìlà, bí ẹni pé omi ṣàn níbẹ̀.

Ọjọ́ Ẹtì, 28 Èrèlé

Ó ti lé ròrò. Nígbà tí mo tú aṣọ tí mo fi wé e, Nọ́ọ̀sì Olúfúnkẹ́ pariwo. Kò pè mí ní ẹni tèmi lónìí.

"Kí lẹ fi pa á?"

"Kò sí nǹkan kan, mà."

"Anti, iná yìí kì í dá ṣe báyìí. Kí lẹ fi pa á?"

Dókítà dé, ó wò ó, ó gbóòórùn ọwọ́ mi. Ó bi mí ní ohùn pẹ̀lẹ́ pé ṣé mo fọwọ́ kan ọsàn wẹ́wẹ́. Mo ní rárá. Ó ní omi ọsàn wẹ́wẹ́ àti àwọn lọ́fínńdà kan wà tó jẹ́ pé bí wọ́n bá wà lára tí oòrùn tàbí iná yìí kàn án, ara yóò jó bí ẹni da omi gbígbóná sí i. N kò tíì dáhùn tán tí mo fi mọ̀. Kì í ṣe pé mo rò ó. Mo kàn mọ̀ ni.

Wọ́n dá ìtọ́jú dúró. Oṣù kan. Ó ku oṣù méjì kí a wọlé.

Mo dé ilé, mo na ọwọ́ sí Màámi. Ó kọ́kọ́ pàtẹ́wọ́. "Ó ń jáde! Àìsàn náà ń jáde! Wòlíì ti sọ ọ́!" Lẹ́yìn náà ló rí ojú mi.

"Màámi, ṣé ọsàn wà nínú omi yẹn?"

Ó wolẹ̀ bí ọmọ tó fọ́ àwo. "Márùn-ún lóòjọ́ ni mo fún sí i. Mi ò jẹ́ kó pé méje."

Ó yẹ kí n bínú. Mo jókòó, mo dúró dè é kó dé. Nígbà tí kò dé, mo lọ sùn.

Ọjọ́rú, 5 Ẹrẹ́nà

Ọjọ́rú Eérú. Fíkà ṣọ́ọ̀ṣì tèmi ń fi àtàǹpàkò tẹ eérú sí iwájú orí wa lọ́kọ̀ọ̀kan. Àtàǹpàkò rẹ̀ kò yára kúrò lórí tèmi. Mo kíyè sí i.

Bàǹdéèjì wà lọ́wọ́ mi méjèèjì. Màámi ló ń wẹ̀ mí, ó ń fi ṣíbí fún mi lóúnjẹ, ó ń tú bàǹdéèjì, ó ń fọ ojú egbò pẹ̀lú omi iyọ̀ bí nọ́ọ̀sì ti kọ́ ọ. Lónìí omi ojú rẹ̀ kán sí mi lápá. Ó ní kí n má bínú. Mo ní n kò bínú, òtítọ́ sì ni, ohun tó sì ń bà á lẹ́rù jù nìyẹn.

"Ká ní o tiẹ̀ lè pariwo mọ́ mi," ló wí.

Mo ní omi iyọ̀ náà ti tutù.

Ọjọ́ Ẹtì, 14 Ẹrẹ́nà

Wọ́n tú bàǹdéèjì kúrò. Ibi tó jó ti di dúdú, ó dúdú ju èmi gan-an lọ, ní bátabàta, funfun sì wà láàárín rẹ̀. Ó burú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ìyáàfin Adébáyọ̀ wá sí sítọ́ọ̀ láti mú ṣọ́ọ̀kì, wọ́n rí i, wọ́n sì gbàgbé ṣọ́ọ̀kì náà.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 15 Ẹrẹ́nà

Màámi padà sí Ìjàn. Àkókò àtikọ ebè ti tó, kò sì sẹ́ni tó máa bá a ṣe é. Mo sìn ín dé gáréèjì. Ó di ọwọ́ mi mú lójú gbogbo èrò ọkọ̀, kò jẹ́ kí n fà á sẹ́yìn, títí dẹ́rẹ́bà fi ní kó wọlé.

Ilé dákẹ́. Mo jẹ ìyókù iṣu.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 1 Igbe

Òjò àkọ́rọ̀ lónìí, pẹ̀lú ìjì. Páànù ilé aládùúgbò kan ṣí. Mo padà sí ilé ìwòsàn nínú ẹrọ̀fọ̀. Nọ́ọ̀sì Olúfúnkẹ́ ní àyè mi ti di ti ẹlòmíràn, Ajé, Ọjọ́rú àti Ẹtì ti kún. Kí n máa bá àwọn ọmọdé wá ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun àti Ọjọ́bọ̀, lẹ́yìn aago méjì. Ogún ìṣẹ́jú àáyá ni wọ́n tún fi bẹ̀rẹ̀. Ìjì náà ti lé gbogbo àwọn ọmọ sílé, èmi nìkan ni mo wọlé.

Ojú mi ń ṣe dáadáa. Àyíká ẹnu ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dúdú tán.

Ọjọ́bọ̀, 3 Igbe

Mo fẹ́ kọ eléyìí bó ti ṣẹlẹ̀ gan-an.

Mo jókòó sórí bẹ́ǹṣì ní aago méjì ààbọ̀. Obìnrin kan wọlé pẹ̀lú ọmọ, ó fa ìborùn bo ojú ọmọ náà. Oore-ọ̀fẹ́ ni. Ó kọ́kọ́ rí mi, ó pariwo "Anti Títí!" ó sáré wá, ìyá rẹ̀ sì fà á padà ní kọ́là. Lẹ́yìn náà ni ìyá rẹ̀ wá rí ẹni tí mo jẹ́.

Kò sí ibòmíràn láti jókòó. Ó dúró.

Nọ́ọ̀sì Olúfúnkẹ́ jáde pẹ̀lú òwú tútù, ó ń nu pọ́dà kúrò lójú ọmọ náà. Gbogbo ìgbà tó wà ní kíláàsì mi ni mo ti ń rí pọ́dà yẹn, mo rò pé àṣejù ìyá ni. Lábẹ́ ojú ọ̀tún rẹ̀, funfun kan wà tó tó owó ẹyọ, òmíràn sì wà lẹ́bàá etí.

"Ẹni tèmi, ẹ má wo bó ṣe kéré o," nọ́ọ̀sì wí fún mi, ó ń ṣí káàdì ọmọ náà. "Ọ̀gá yín ni nínú iṣẹ́ yìí. Ọmọ ọdún mẹ́rin ni nígbà tí funfun yìí kọ́kọ́ jáde. Láti ọdún tó kọjá ló ti ń wọ inú àpótí."

Ọmọ ọdún mẹ́fà ni Oore-ọ̀fẹ́. Oṣù kẹsàn-án ló wọ kíláàsì mi. Mo jẹ́ tíṣà, n kò nílò bébà láti fi yọ ìyẹn.

Ìyá rẹ̀ tẹ̀ lé mi jáde sí abẹ́ igi níbi tí wọ́n ń gbé mọ́tò sí.

"Anti, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ má sọ ọ́ nílé-ìwé."

Ó wo ẹ̀yìn, ó rẹ ohùn sílẹ̀.

"Ìyá ọkọ mi ló ní láti ìdílé mi ló ti wá. Ó ní kí ọmọ òun lọ fẹ́ ẹlòmíràn. Mo ní níbo? Mo ní nílé-ìwé ló ti kó o. Mo ní tíṣà rẹ̀ ló ní i."

"Nítorí ìyẹn lẹ ṣe kọ lẹ́tà."

"Wọ́n ní bó bá jẹ́ òtítọ́, kí n lọ fi ẹjọ́ sùn."

"Ẹ lọ gbà á padà."

"Kí ni màá wá sọ fún wọn pé ó fà á?" Ó ń sunkún. "Anti, kí ni màá sọ?"

Ọkọ̀ kan ń fọn fèrè kí a kúrò lọ́nà. A kúrò.

Ọjọ́ Ẹtì, 4 Igbe

Inú ń bí mi. Mo kọ ọ́ sílẹ̀ torí ó ti pẹ́ tí mo ti rí i.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 8 Igbe

A jọ wà lórí bẹ́ǹṣì kan náà, ó jókòó sí ìkángun kan, èmi sí èkejì, ọmọ náà láàárín. Kò kí mi. Èmi náà kò kí i. Oore-ọ̀fẹ́ ń fi ìka kọ lẹ́tà sórí itan rẹ̀, "g" rẹ̀ sì ti yí ẹ̀yìn padà. Ọwọ́ ń yún mi láti tún un ṣe. Mo jókòó lé e.

Ọjọ́ Àìkú, 20 Igbe

Àjíǹde. Mo lọ sí Ìjàn. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún Màámi bó ti ń gé iṣu. Ó ju ọ̀bẹ sílẹ̀.

"Bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Lọ bá obìnrin tó ni ilé-ìwé yẹn, kó wo káàdì ọmọ náà. Uṣẹ́ rẹ ni! Uṣẹ́ rẹ tí wọ́n fi irọ́ gbà!"

"Ọmọ náà ńkọ́?"

"Ọmọ náà ní ìyá."

Òtítọ́ ni. Mo ti ń tò ó bí màá ṣe sọ ọ́. Màá sọ ọ́ pẹ̀lẹ́, n kò ní fi ìbínú sọ ọ́, màá ní kí Ìyáàfin Adébáyọ̀ pe dókítà. Ó dùn lẹ́nu mi. Ó ti pẹ́ tí nǹkan dùn lẹ́nu mi bẹ́ẹ̀.

Ọjọ́bọ̀, 24 Igbe

Dókítà yẹ̀ mí wò. Ojú ti jinná, ó ku díẹ̀ ní ìgbèrí ètè. Ó wo ọwọ́ mi pẹ́ ju bó ti yẹ lọ. Ó ní ẹ̀yìn ọwọ́ lè padà bí a bá fara balẹ̀ títí ọdún yóò fi parí. Ìka kò ní irun, ibi tí dúdú ìbá ti wá kò sí níbẹ̀. "Mi ò fẹ́ tàn yín jẹ."

Mo ní ẹ ṣé, sà. Ìdúpẹ́ yìí, mo mọ ohun tí mo ṣe é fún.

Ọjọ́ Ajé, 28 Igbe

A wọlé fún sáà kẹta.

Ìyáàfin Adébáyọ̀ pè mí kí àwọn ọmọ tó tò tán. Àga ṣì jìnnà síbẹ̀. "Ojú yín ti dáa! Ọlọ́run ṣeun. Ọwọ́ ńkọ́?"

Mo fi ọwọ́ hàn wọ́n. Wọ́n mí kanlẹ̀.

"Anti Títí, mo ṣèlérí fún yín. Ṣùgbọ́n kí ni màá sọ fún àwọn òbí? Ṣé ẹ ní ohun kan tí mo lè sọ fún wọn?"

Mo ní i. Ó wà lórí ahọ́n mi, pẹ̀lú déètì rẹ̀. Fèrèsé ṣí sílẹ̀, àwọn ọmọ ń tò síta. Mo rí Oore-ọ̀fẹ́ ní ìlà àwọn Pírámárì Wáàn, pọ́dà kún ojú rẹ̀, ọmọ kan gbé apá lé e léjìká. Wọ́n ń ṣe àwàdà kan láàárín ara wọn. Bí mo bá sọ ọ́, kí aago ìsinmi tó lù, apá yẹn yóò ti kúrò léjìká rẹ̀. Ọmọ tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀. Kò sì sí sítọ́ọ̀ tí wọ́n máa gbé ọmọ ọdún mẹ́fà lọ.

"Ẹ sọ fún wọn pé kì í ràn, mà. Dókítà ló sọ ọ́."

"Wọn kò ní gbà."

"Ó dáa, mà."

Mo lọ sí sítọ́ọ̀. Mo ti ilẹ̀kùn, mo jókòó sórí páálí ìwé, mo sunkún títí imú mi fi dí. Láti oṣù Ṣẹrẹ, ìgbà àkọ́kọ́ nìyí. Kì í ṣe nítorí pé mo jẹ́ ẹni rere ni mo ṣe sunkún. Ìbínú ni. Mo fẹ́ kíláàsì mi. Mo fẹ́ ẹ gan-an.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 29 Igbe

Ìyá Oore-ọ̀fẹ́ ti gbọ́ pé mo ṣì wà ní sítọ́ọ̀, nítorí náà ó mọ̀ pé n kò sọ̀rọ̀. Ó ní, "Ẹ káàsán, Anti." Mo ní, "Ẹ káàsán." Ohun tí a rí sọ kò ju ìyẹn lọ.

Wọ́n ti fi kún àkókò ọmọ náà, ó ti di àádọ́ta ìṣẹ́jú àáyá. Ó kọ̀, kò wọlé. Ó ní lọ́jọ́ sí, iná náà kò fẹ́ tán mọ́, òun rò pé wọ́n ti gbàgbé òun síbẹ̀. Ìyá rẹ̀ bẹ̀ ẹ́, ó jágbe mọ́ ọn. Nọ́ọ̀sì ní èèyàn mẹ́fà ń dúró.

"Kí Anti Títí bá mi kà á," ọmọ náà wí. "Anti mọ iye tó ń tán."

Gbogbo bẹ́ǹṣì yíjú sí mi. Mo dìde, mo lọ dúró níbi ilẹ̀kùn àpótí. Wọ́n wọ awò dúdú fún un, wọ́n tilẹ̀kùn, iná búlúù sì ń yọ lábẹ́ rẹ̀. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í kà sókè, ó ń kà á nínú lọ́hùn-ún pẹ̀lú mi, ní ohùn kíláàsì, ohùn tó máa ń ga nígbà tó bá dé ẹ̀wá. Ó ṣì í sọ ní mọ́kànlélógún, ó tún un ṣe fúnra rẹ̀. Kò mọ ohun tó kọjá ọgbọ̀n. Láti ọgbọ̀n lọ mo ń sọ ọ́ ṣáájú, ó ń tẹ̀ lé mi. Nígbà tí a dé àádọ́ta, iná náà kú.

Ilẹ̀kùn ṣí. Awò dúdú ṣì wà lójú rẹ̀, kò ríran, ó na ọwọ́ síwájú, ó ń tọ afẹ́fẹ́ wò, ó ń wá ẹni tó máa dì mú. Ìyá rẹ̀ ti dìde. Èmi ni mo sún mọ́ ọn jù.

N kò tíì dárí ji obìnrin yẹn. N kò mọ̀ bóyá màá dárí jì í. Ọmọ náà di ọwọ́ mi mú, ìka funfun àti bátabàta dúdú náà, ó sì fi gbogbo agbára rẹ̀ dì í. Ọwọ́ rẹ̀ gbóná, ó ti làágùn. Ìyá rẹ̀ dúró níwájú wa, ó ń wo ọwọ́ méjèèjì.

Kò já a gbà.